Kí Àìlówó Má Dí Ọ̀nà Ìmọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ di onímọ̀ nípa ẹja àkùrákùdà kò lè fi ìwé nìkan ṣe é. Ó ní láti wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun, kí ó wọn gígùn ẹja náà, kí ó fi àmì sí i lára, kí ó sì dá a padà sómi láàyè. Ṣùgbọ́n ní ibùdó ìwádìí mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó ni yóò tún san owó oúnjẹ àti ibùsùn. Báyìí ni ọmọ tálákà ṣe ń dúró sẹ́yìn, bó tilẹ̀ ní làákàyè.

Ní ọdún 2020, obìnrin adúláwọ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà, Jasmin Graham, Carlee Jackson, Amani Webber-Schultz àti Jaida Elcock, dá ẹgbẹ́ Minorities in Shark Sciences sílẹ̀. Wọ́n ń wá owó jọ kí àwọn obìnrin tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lè kọ́ iṣẹ́ náà lójú òkun láìná kọ́bọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má tijú láti kọ̀wé béèrè ìrànlọ́wọ́.

2. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà kọjá, kó má ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.