Eku Kan, Èbúté Kan

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pófo. N kò mọ ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó orí Òkun Mẹditaréníà, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ ní Civitavecchia láàárọ̀, wọn á sáré gba Róòmù lọ. Wọ́n fẹ́ wo Colosseum, wọ́n fẹ́ wo Vatican, wọ́n fẹ́ ju owó sínú omi Trevi, wọ́n tún fẹ́ ra báàgì awọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, orí ìlà àti inú ọkọ̀ ojúirin ni wọ́n ti lo ọjọ́ náà tán. Ìmọ̀ràn tèmi kò ju ẹyọ kan lọ, abẹ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí mo bá sọ wà: ẹ mú ohun kan ní èbúté kan, kí ẹ jẹ ẹ́ dé eegun.

Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìwé ìrìnnà ọwọ́ yín sì ni ilé tí ẹ máa kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ mú, físà Schengen di dandan, ì báà jẹ́ Ìkòròdú lẹ ń gbé, ì báà jẹ́ Peckham. Ìwé ìgbélùú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí ilẹ̀kùn Ítálì fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka orúkọ èbúté kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ máa yà. Bí ó bá máa ya Kuşadası ní ilẹ̀ Tọ́kì, tàbí Kotor ní Montenegro, ẹ ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen nìyẹn. Bó bá sì padà sí Gíríìsì tàbí Ítálì, ẹ tún ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni. Físà tó gba wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè gbé yín dé ilé. Èyí tó gba wíwọlé léraléra ni kí ẹ tọrọ. Ti Dubrovnik kò lẹ́jọ́ mọ́, nítorí Kròéṣíà ti wọ Schengen láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa lo ọjọ́ jù lọ lẹ máa tọrọ físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, ẹ lọ bá èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90, ìwé adójútòfò ìlera sì gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Wọ́n ń gba ìwé yín láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò lẹ́nu ọkọ̀ kì í gbọ́ àlàyé, ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé.

Ìgbà tí ẹ máa lọ náà lọ́rọ̀ nínú. Ẹni tó bá ka ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì á rántí pé Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn tó ń tukọ̀ pé ìgbà ìrìn òkun ti kọjá. Wọn ò dá a lóhùn, ọkọ̀ sì fọ́ ní erékùṣù Mẹ́lítà, tó ń jẹ́ Mọ́ltà lónìí. Ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí lágbára ju tìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n òkun ò tíì yíwà padà. Tó bá ti ń di òpin oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọ̀gá ọkọ̀ sì lè pinnu pé òun ò ní í ya èbúté kan tí ẹ ti ń fojú sọ́nà fún. Ti oṣù Keje àti Kẹjọ ni oòrùn. Ní ọdún 2023 àti 2024, ooru mú débi pé ìjọba Gíríìsì ti Acropolis ìlú Áténì ní ọ̀sán gangan. Ẹ ò sì lè sọ pé oòrùn ilé ti kọ́ yín: kò sí ẹni tó ń rìn wákàtí mẹ́rin lórí òkúta funfun lóòrùn ọ̀sán nílé wa. Oṣù Karùn-ún àti ìparí oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Róòmù, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń da àwọn èèyàn lójú rú. Civitavecchia kì í ṣe Róòmù rárá. Nǹkan bí kìlómítà 70 ló wà láàárín wọn. Ká sọ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ láago méje àárọ̀, tí yóò sì ṣí láago méje alẹ́. Wákàtí méjìlá kọ́ lẹ ní. Kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, kí bọ́ọ̀sì tó gbé yín jáde nínú ọgbà èbúté, kí ẹ tó dé ibùdókọ̀ ojúirin, kí ọkọ̀ náà tó rin nǹkan bíi wákàtí kan, aago mẹ́wàá ti fẹ́ lù. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ kí gbogbo èèyàn ti wà nínú ọkọ̀ ó kéré tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣí, àwọn mìíràn ń fẹ́ wákàtí kan. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojúirin ìpadàbọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá pẹ́ tàbí tí wọ́n fagi lé e, òmíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ló wá kù? Wákàtí márùn-ún. Ohun tí Róòmù máa fún yín ní ọjọ́ náà nìyẹn.

Nínú wákàtí márùn-ún, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan ìlú náà. Bó bá jẹ́ ti Vatican, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó San Pietro, ẹ má lọ dé Termini, ẹsẹ̀ ló máa gbé yín dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ń yẹ ara wò, ìlà sì lè gùn. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ, tọkùnrin tobìnrin. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi èyí tó gbẹ̀yìn oṣù. Lọ́jọ́rú, Póòpù sábà máa ń gbàlejò, èrò á sì pọ̀ ní ojúde náà. Bó bá jẹ́ Colosseum lọ́kàn yín ń fà sí, ẹ gba Termini lọ, kí ẹ wọ mẹ́tírò ìlà B. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ ó wá ráyè jókòó, ẹ ó ráyè mu kọfí lórí ìdúró nídìí káńtà bí àwọn ará ìlú ti ń ṣe, nítorí ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì ń san ju ẹni tó dúró lọ. Omi mímu kò nílò owó: ẹ̀rọ omi onírin tó ń ṣàn láìdúró wà ní òpópónà káàkiri Róòmù. Ẹ mú ìgò dání.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilé ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, ti Acropolis, ti Sagrada Família ní Barcelona, nítorí gbogbo wọn ló ń fi aago sí ìwọlé, ti ọjọ́ náà sì lè tán. Pompeii pàápàá ti fi òdiwọ̀n sí i: láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn tó ń wọlé lóòjọ́ ò gbọdọ̀ ju 20,000 lọ, orúkọ yín sì gbọ́dọ̀ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì.

Pompeii yìí, mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ dọ̀la. Àárín ìgboro Nápólì gan-an ni ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn ju Róòmù lọ. Ẹ lọ sí Garibaldi, ẹ wọ ọkọ̀ ojúirin kékeré tí wọ́n ń pè ní Circumvesuviana, kó tó wákàtí kan ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ di àpò yín mú nínú rẹ̀, àwọn gbéwiri mọ ojú àlejò. Ní ọdún 79 ni òkè Vesuvius bú gbàù tó fi eérú bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Àwọn afinimọ̀nà á fẹ́ sáré mú yín wo tẹ́ńpìlì. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ dúró pẹ́ lójú títì. Ẹ wo ipa tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbẹ́ sára òkúta, àti àwọn òkúta ńlá tí wọ́n tò sí àárín ọ̀nà kí ẹni tó ń sọdá má baà ki ẹsẹ̀ bọ ẹ̀gbin. Ẹ wo káńtà oúnjẹ tó wà ní ìkángun òpópónà: wọ́n fi amọ̀ àti òkúta mọ ọ́n, wọ́n ri ẹnu ìkòkò ńlá mọ́ inú rẹ̀, kí oníbàárà lè dúró síta kó nawọ́ gba tirẹ̀. Bùkátéríà pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá ti ra oúnjẹ rí ní Ọ̀jẹ́ tàbí Oyíngbò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ibẹ̀ fún un. Kò sí ibòji, òkúta ilẹ̀ kò tẹ́jú, nítorí náà bàtà gidi ló yẹ. Wọn kì í jẹ́ kí báàgì ńlá wọlé. Ọ̀pọ̀ àwòrán àti ohun èlò tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nápólì, tí kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n eku kejì nìyẹn. Bí oòrùn bá le jù, ẹ mú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ẹ fi Pompeii sílẹ̀.

Èbúté Livorno ni mo ti máa bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn. Gbogbo wọn ń sáré lọ sí Florence, wọ́n á tún ní kí àwọn ya Pisa lọ́nà àbọ̀, kí àwọn lè ya fọ́tò bí ẹni tó fọwọ́ gbé ilé gogoro tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀ dúró. Florence jìnnà ju wákàtí kan lọ ní ọkọ̀ ojúirin, ilé àwòrán Uffizi tó wà níbẹ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, ìlà rẹ̀ sì lè jẹ ìdajì ọjọ́. Florence ò ṣeé fi wákàtí mẹ́rin wò, ẹ jẹ́ kó di ìrìn mìíràn. Ẹ gba Pisa nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lórí irin, tàbí kí ẹ dúró ní Livorno fúnra rẹ̀, kí ẹ rìn létí odò àfọwọ́gbẹ́ àdúgbò Venezia Nuova, kí ẹ wọ ọjà ńlá ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún cacciucco, ọbẹ̀ ẹja wọn tó ní ata díẹ̀ nínú. Díẹ̀ náà ni ṣá o.

Erékùṣù Santorini ní Gíríìsì ní tirẹ̀ kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè fara tì. Ọkọ̀ kékeré ló máa kó yín lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ẹ ó ti yan ọkọ̀ orí wáyà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí àtẹ̀gùn tó ju 580 lọ. Gígòkè kì í ṣòro tó sísọ̀kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, èrò inú ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tò sídìí ọkọ̀ orí wáyà kan ṣoṣo, ẹ sọ̀kalẹ̀ kó tó di pé gbogbo ayé rántí.

Valletta ní Mọ́ltà rọrùn: lẹ́sẹ̀ odi ìlú lẹ máa gúnlẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kan sì wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ọgbà Upper Barrakka. Láti Piraeus, mẹ́tírò ló ń lọ sí Áténì. Kuşadası ò ju nǹkan bí kìlómítà 20 sí Éfésù, níbi tí gbàgede tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ṣì dúró.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú Palermo ní Ítálì? Benedict ni, ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, tó kú ní ọdún 1589, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1807. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ aláwọ̀ dúdú ní Brazil ti ń bọlá fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹsẹ̀ ló máa gbé yín láti ọkọ̀ wọ ìgboro Palermo, ẹ lọ tààrà sí ọjà Ballarò. Ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé àdúgbò náà, ẹ sì lè gbọ́ èdè tí ẹ mọ̀ láàárín àwọn tó ń kígbe ọjà.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, ọkọ̀ sì ni ilé yín. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀lé, nítorí ó lè yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀, fóònù yín sì lè yí ara rẹ̀ padà láìsọ fún yín. Bí ẹ bá ra ìrìn ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ̀, tí bọ́ọ̀sì wọn sì pẹ́, wọn á dúró dè yín, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà gbé yín bá ọkọ̀. Bí ẹ bá dá lọ, ọkọ̀ á lọ, ẹ ó sì fi owó ara yín wá a dé èbúté tó kàn. Fún ibi tó jìnnà, pàápàá lọ́jọ́ kìíní tí ojú ṣì ń ṣe yín wìnnìwìnnì, ẹ ra ti ọkọ̀. Fún ibi tí ìgboro wà lẹ́sẹ̀ èbúté, ẹ fi owó yín pa mọ́. Nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté máa ń wà lára ìwé ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Owó tí ẹ kọ́kọ́ san kọ́ ni gbogbo owó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń yọ owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìrìn èbúté tún wà lọ́tọ̀. Ẹ fi fóònù sí ipò bàálù bí ọkọ̀ bá ti ń kúrò létí omi, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú òkun lè gbówó lórí ju ẹran àgbò lọ. Ẹ fi kíliṣí sílé, ilẹ̀ Yúróòpù kì í gba ẹran lọ́wọ́ àlejò tó ń ti òkèèrè bọ̀, ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ náà wà nínú wọn. Ata gígún ò ṣe nǹkan kan. Fún alẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn múra, ẹ má lọ yá kóòtù: agbádá ti tó, ìró àti bùbá pẹ̀lú gèlè ti ju ti tẹlòmíràn lọ, àwọn àlejò á sì máa tọrọ fọ́tò.

Ẹ má sá fún ìdánrawò ààbò tí wọ́n ń ṣe kí ọkọ̀ tó ṣí. Nígbà tí Costa Concordia dojú dé lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, tí ẹni 32 kú, àwọn tó wọlé ní Civitavecchia lọ́jọ́ náà kò tíì ṣe ìdánrawò kankan.

Ọjọ́ kan ṣáájú ni kí ẹ ti dé ìlú tí ẹ ó ti wọkọ̀, bàálù kì í mọ̀ pé òkun ń dúró. Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí ńlá síta ẹnu yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú jù, wọ́n á kó o lọ lóru. Ẹ yọ oògùn, páspọ́ọ̀tù àti aṣọ ọ̀la kúrò nínú rẹ̀, ní pàtàkì aṣọ ọ̀la, nítorí ẹni tó bá gbàgbé á fi aṣọ ìsùn sọ̀kalẹ̀ ní Barcelona.