Bí Harold Washington Ṣe Wọlé Ìbò ní Chicago, àti Bí Ó Ṣe Pẹ́ Kí Ìjọba Tó Bọ́ Sí I Lọ́wọ́

Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ sì mọ àwọn káńsẹ́lọ̀ tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń yàn. Alága ló ń darí iṣẹ́. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń jókòó ṣòfin, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó. Nínú àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ẹni tó wà ní irú ipò alága bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní méyọ̀. Gbogbo ìlú ló ń dìbò yan méyọ̀, àmọ́ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń yan káńsẹ́lọ̀ tirẹ̀. Wọ́ọ̀dù 50 ló wà ní Chicago, káńsẹ́lọ̀ 50 ló sì ń jókòó ní kánsù. Ìbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì: èèyàn lè jẹ méyọ̀ kí àwọn tó kórìíra rẹ̀ sì pọ̀ jù ní kánsù. Bí ìyẹn bá ti yé yín, ẹ jẹ́ ká mọ ọkùnrin tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí.

Harold Washington ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ Chicago. Ìlú náà ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1922. Agbẹjọ́rò ni Roy, bàbá rẹ̀, ó tún jẹ́ oníwàásù, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní Wọ́ọ̀dù Kẹta. Ọmọ náà jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó kàwé gboyè ní Roosevelt College ní 1949, ó sì parí ẹ̀kọ́ òfin ní Northwestern ní 1952. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Ralph Metcalfe, sárésáré tó gba ipò kejì lẹ́yìn Jesse Owens nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà ní Olympics 1936, tó sì wá di káńsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù Kẹta. Ọ̀dọ̀ Metcalfe ni Washington ti mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìbò jọ, láti ilé dé ilé. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí ó tó àkókò láti wo ẹni tó ń kó ìbò náà jọ, àti ohun tí wọ́n fi ń san án.

Láti 1955 títí ó fi kú ní oṣù kejìlá 1976, Richard J. Daley ni méyọ̀. Òun kan náà ni alága ẹgbẹ́ Democratic ní agbègbè náà, nítorí náà ẹgbẹ́ ni ìjọba, ìjọba ni ẹgbẹ́. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní olórí ẹgbẹ́. Lábẹ́ olórí náà ni àwọn tí òpópónà díẹ̀-díẹ̀ wà níkàáwọ́ wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Bí iná ojú pópó bá kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sáré lọ. Bí ọmọ kan bá ń wáṣẹ́, òun ni yóò gba ìwé rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ ìdìbò, á gun àtẹ̀gùn láti ìyẹ̀wù dé ìyẹ̀wù, á máa kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò tíì jáde. Bí òpópónà rẹ̀ bá dìbò dáadáa, iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe dúró. Bí wọn ò bá dìbò, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká rọra. Wọ́n á rò pé òfin ló fún Daley lágbára. Rárá o. Lórí ìwé, kánsù lágbára ju méyọ̀ Chicago lọ. Ohun tó mú kí kánsù máa ṣe bí Daley ṣe wí ni pé iṣẹ́ ìjọba tí káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ń pín fún àwọn èèyàn rẹ̀, ọwọ́ Daley ló ti ń wá. Ṣé ẹ rí i báyìí pé méyọ̀ tí kò bá ní kánsù lẹ́yìn, àga nìkan ló ní?

Washington gòkè díẹ̀-díẹ̀. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ìpínlẹ̀ Illinois ní 1965, ó dé ipò sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà, ó sì wọ ilé aṣojú ti gbogbo Amẹ́ríkà ní 1981. Ìṣubú wà láàárín: ó ṣẹ̀wọ̀n tó lé ní oṣù kan ní 1972, torí pé kò fi ìwé owó orí rẹ̀ ránṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ó du ipò méyọ̀ ní 1977, ìdá bíi mọ́kànlá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí gbà. Ẹni tó bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ó tán. Kí ló wá yí padà láàárín ọdún mẹ́fà?

Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó tún dupò, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ forúkọ àwọn olùdìbò tuntun sílẹ̀. Wọ́n ṣe é: àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, ló forúkọ sílẹ̀ ní 1982. Èkejì, èèyàn mẹ́ta gbòógì ló jìjàdù nínú ìdìbò abẹ́lé, ìyẹn ìdìbò tí ẹgbẹ́ fi ń mú ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀. Jane Byrne, méyọ̀ tó wà lórí oyè, àti Richard M. Daley, ọmọ Daley àgbà, pín ìbò àwọn aláwọ̀ funfun láàárín ara wọn. Ní oṣù kejì 1983, Washington gba nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì borí, torí nínú ìdìbò yẹn ẹni tó bá ṣíwájú ló mú un, kò dìgbà tó bá kọjá ìdajì. Ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe lọ́kàn yín kí a tó kọjá.

Láti 1931 ni ẹgbẹ́ Republican kò ti jẹ méyọ̀ Chicago mọ́, torí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí. Ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democratic látọjọ́ pípẹ́ kọ̀yìn sí i nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n lọ sẹ́yìn Bernard Epton ti Republican. Ìpolówó Epton ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n dìbò fún un kó tó pẹ́ jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, Washington àti Walter Mondale, tó ti ṣe igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà rí, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Pascal. Ọ̀pọ̀ èrò dúró síta, wọ́n ń hó lé wọn lórí níwájú ilé Ọlọ́run. Ó ń dùn mí títí dòní bí mo bá rántí rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, àwọn aláwọ̀ dúdú jáde bí omi, ọ̀pọ̀ jùlọ Látínò dára pọ̀ mọ́ wọn, àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn. Ìbò rẹ̀ kò pé ìdá 52, àmọ́ ó wọlé.

Ó wọlé ìbò, kò tíì gba ìjọba. Nínú káńsẹ́lọ̀ 50, 29 wà lẹ́yìn méjì lára wọn, Edward Vrdolyak àti Edward Burke. 21 ló wà lẹ́yìn méyọ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ní oṣù karùn-ún 1983, Washington rí i pé àwọn 29 fẹ́ gba gbogbo agbára kánsù, ó kéde pé ìpàdé ti parí, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì jáde. Àwọn 29 kò dìde. Wọ́n ju ìdajì 50 lọ, nítorí náà wọ́n bá ìpàdé lọ, wọ́n sì pín ipò alága àwọn ìgbìmọ̀ abẹ́ kánsù láàárín ara wọn. Ilé ẹjọ́ sọ pé ohun tí wọ́n ṣe bófin mu. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí méyọ̀ bá yàn sípò lè dúró fún oṣù gbọọrọ láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ó bi mí pé: bí 29 bá ju 21 lọ, kí ló dé tí wọn ò kúkú gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè tó dáa ni. Méyọ̀ ní ohun tí a ó pè ní àṣẹ ìdènà: ó lè kọ̀ láti buwọ́ lu òfin tí kánsù ṣe. Kí kánsù tó lè fi tipá gbé òfin náà kọjá, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 50 ń lọ sí 34. Ẹ yọ 29 kúrò nínú 34: ó ku márùn-ún, wọn ò sì rí márùn-ún náà. Àwọn 29 lè ṣòfin, méyọ̀ á dènà rẹ̀; méyọ̀ lè dábàá, àwọn 29 á sùn lé e. Ohun tó fa ìdádúró ọdún mẹ́ta náà nìyẹn. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?

Ohun tó tú okùn náà ni ààlà wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló sì le jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ wo ìlú kékeré kan tó ní ilé 50, tí wọ́n pín sí wọ́ọ̀dù márùn-ún, ilé mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ilé ogún ń fẹ́ Àjàó, ọgbọ̀n ń fẹ́ Bísí. Bí ilé ogún yẹn bá wà pa pọ̀, Àjàó á mú wọ́ọ̀dù méjì. Bí ẹni tó ń fa ààlà bá fọ́n wọn ká, mẹ́rin-mẹ́rin nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, Àjàó kò ní mú ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kan àpótí ìbò o, bẹ́ẹ̀ ìbò ti dòfo. Ilé ẹjọ́ rí i pé máàpù tí wọ́n fà lẹ́yìn ètò ìkànìyàn 1980 rẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àti Látínò jẹ. Wọ́n tún ààlà fà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́ọ̀dù méje tún ìbò dì ní 1986. Ẹ tún ìlú Àjàó kà bí kò bá tíì yé yín, kò sí ìkánjú.

Wọ́ọ̀dù mẹ́rin nínú méje bọ́ sọ́wọ́ àwọn ti Washington. Méjì lára wọn di àtúndì ìbò ní oṣù kẹrin, torí kò sẹ́ni tó kọjá ìdajì nígbà àkọ́kọ́. Luis Gutiérrez wà lára àwọn tó borí lọ́jọ́ náà. 21 di 25, 29 di 25. Bí kánsù bá sì pín dọ́gba, ìbò méyọ̀ ló ń já a. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lórí àga, ọwọ́ Washington wá tẹ ìjọba. Wọ́n fọwọ́ sí àwọn tó yàn tí wọ́n ti so rọ̀ tipẹ́, ó sì tún wọlé ní oṣù kẹrin 1987. Vrdolyak fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ̀yìn wọn balẹ̀.

Èmi rò pé iṣẹ́ tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ní 1983, láàárín ìjà, ó gbà pẹ̀lú ilé ẹjọ́ pé ìjọba ìlú kò ní fi ọ̀rọ̀ òṣèlú gba èèyàn síṣẹ́ mọ́, àfi ní àwọn ipò díẹ̀. Ẹ rántí ohun tí Daley fi ń di kánsù mú. Ohun náà gan-an ni Washington fọwọ́ ara rẹ̀ jù sílẹ̀ nígbà tó nílò rẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 1987, àìsàn ọkàn kì í mọ́lẹ̀ nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú. Bí méyọ̀ bá kú báyìí, kánsù ló ń yan káńsẹ́lọ̀ kan láti dípò rẹ̀. Ìpàdé náà gba òru mọ́jú, èrò kún ilé ìjọba ìlú, wọ́n ń pariwo. Àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn Washington ló dojú kọ ara wọn: Timothy Evans àti Eugene Sawyer. Sawyer borí pẹ̀lú ìbò 29 sí 19, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú 29 náà sì jẹ́ àwọn tó ti ń bá Washington jà. Agbo tó gbé Washington wọlé pín sí méjì. Ní 1989, Richard M. Daley na Sawyer nínú ìdìbò abẹ́lé, ó na Evans nínú ìdìbò gbogbogbòò, kò sì kúrò lórí àga náà títí di 2011.