Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Rìn Ín Kí Ẹ Tó Yà Á

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ya máàpù ní Ìlóro, Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, láti ọdún 2004 tí Steve Coast ti dá máàpù OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọmọdé tàgbà ló lè fi àdúgbò rẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀nà ọlọ́kọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Fọ́tò sátẹ́láìtì á fi títì hàn yín. Kò ní sọ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n ṣe le tó fún ẹni tó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ rìn ín. Bí ẹ bá kan pákó tí wọ́n fi sọdá gọ́tà, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń mì. Ẹ ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi tépù wọn gíga rẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n. Lórí Wheelmap, máàpù oníkẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tí ẹgbẹ́ Sozialhelden gbé jáde ní Jámánì ní 2010, bí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, a kò gbọdọ̀ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé ó lè wọlé.

Ẹ má dá lọ. Ẹ bẹ aláàbọ̀ ara kó ṣáájú, kí ẹ máa tẹ̀lé e. Ohun tó rọ oníkẹ̀kẹ́ lọ́rùn lè ṣòro fún afọ́jú: níbi tí títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti tẹ́ bákan náà, kẹ̀kẹ́ á yí geere, ṣùgbọ́n ọ̀pá afọ́jú kò ní rí etí títì. Nítorí náà, ẹ má kọ pé ọ̀nà dára. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ibi tí ẹ kò bá dé, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Àlàfo á mú kí èèyàn béèrè ọ̀nà. Irọ́ á tì í sí gọ́tà. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ padà síbi tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ tún un kọ.

Àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Iṣẹ́ yín ni kí a gbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jìn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara fún àwọn ilé ìtagbangba ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ẹ fi máàpù tó péye lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè àtúnṣe.