Láti Tútù La Ti í Ká Ẹja Kò: Ẹ̀kọ́ Tí Ẹ̀pẹ́ àti Ọjà'ba Kọ́ Mi

Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí la mọ òwe náà, "Láti tútù la ti í ká ẹja kò." Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí pé ẹ̀kọ́ ọmọ láti kékeré ló ń sọ, mo sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ká ẹja títí di ọjọ́ tí mo fi owó ìyá àgbà mi ṣòfò.

Ilé Orí Táyà

Ní ọdún 2024, Pelumi Nubi, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, dá wa mọ́tò Peugeot kékeré kan láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Inú mọ́tò náà ló ṣe ibùsùn sí. Oṣù kìíní ló gbéra, oṣù kẹrin ló dé. Ìròyìn yìí ló yá wa lórí. Àwa mẹ́sàn-án dá owó jọ, a háyà bọ́ọ̀sì, a yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a tẹ́ ẹní, a gbé sítóòfù gáàsì àti kúlà méjì sí i. A sọ ọ́ ní "Ilé Orí Táyà." A fẹ́ lọ jẹ ẹja àti akàn létí omi ní Ẹ̀pẹ́, ká sì padà lálẹ́.

Ìyá àgbà mi ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà'ba. Nígbà tó gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó ka ₦40,000 lé mi lọ́wọ́. "Bá mi ra ẹja yíyan bọ̀. Yíyan ni mo wí o."

Ọ̀nà odò

Ìdí Ayùnrẹ́ la gbà, a kọjá ní Màmù, a sì dé Ìjẹ̀bú-Òde kí a tó kọrí sí Ẹ̀pẹ́. Lónìí, ìrìn wákàtí díẹ̀ ni. Láyé Ogun Kírìjì (1877 sí 1893), kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn kò ní etí omi tirẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló wà láàárín òun àti òkun, bí wọ́n bá sì ti ọ̀nà pa, iyọ̀ àti ìbọn a wọ́n. Ní 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, tí ọ̀nà náà sì ṣí. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù wá láti etí omi. Ẹja tútù kò lè yè é. Ẹja tí ó bá máa dé Ọjà'ba gbọ́dọ̀ ti gbẹ kí ó tó gbéra.

Ọjà Olúwo

Etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ wà, kì í ṣe etí òkun gan-an. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1862. Ní Ọjà Olúwo, a rí òbòkun, ẹpìyà, àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú omi, edé, àti akàn tí wọ́n fi okùn dì lẹ́sẹ̀. A se ọbẹ̀ òbòkun àti akàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì wa, a fi ẹ̀bà tì í. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí àwo fi mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá ìyá kan tó ń yan ẹja. Ó mú àrọ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó mú ìrù rẹ̀ kan orí, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un pọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ká a. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá tò ó gbọọrọ, àyè á gbà jù lórí ààrò, á sì kán lójú ọ̀nà. Tó bá ti gbẹ tán, ta ló máa ká a?"

Òwe wa rèé, lórí iná.

Àmọ́ mo rí i pé òbòkun tútù tóbi, owó rẹ̀ sì dínkù. Mo rò ó pé bí mo bá rà á, ìyá àgbà á jèrè jù. Ìyá náà kìlọ̀ fún mi: "Ìbàdàn jìnnà o. Gba yíyan." N kò gbọ́. Kúlà kan kún fún ohun mímu, nítorí náà yìnyín díẹ̀ ni mo rí dà sórí ẹja.

Nígbà tí a kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, fánbẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì wa já. Wákàtí mẹ́rin la fi jókòó.

Ìdí tí ẹja fi ń bàjẹ́

Nínú ìwọ̀n ẹja tútù, omi ń lọ bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Kòkòrò àìfojúrí wà ní awọ, ìjàgbọ̀n àti ìfun rẹ̀. Bí ẹja bá ti kú, oòrùn ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Yìnyín kì í pa wọ́n, ó kàn ń fà wọ́n sẹ́yìn ni. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìwọ̀n yìnyín yẹ kó tó ìwọ̀n ẹja, kí a tò wọ́n ní ìpele ìpele, kí omi sì máa ráyè jáde. Yíyan ní tirẹ̀ ń gba omi kúrò lára ẹja, èéfín náà sì ń dá kòkòrò dúró. Ẹ má sì rò pé síse á tún ẹja tó ti bàjẹ́ ṣe: májèlé tó ń hù nínú irú ẹja bíi Títọ́ọ̀sì tí ooru ti mú kì í bá iná lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà ṣí kúlà ní Ọjà'ba. Ó wo ojú ẹja, ó ti wọlé. Ó ṣí ìjàgbọ̀n, kò pupa mọ́. Ó fi ìka tẹ ara rẹ̀, ihò náà kò kún padà. Kò pariwo. "Kí ni mo ní kí o rà?" Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni mo ti bá a tajà láti fi san gbèsè náà, ó sì ku díẹ̀. Láàárín ìgbà náà mo ti kọ́ bí a ṣe ń mọ ẹja tó yan dénú àti èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló gbẹ. Kò sí èyí nínú ìwé òwe tí mo kà fún ìdánwò. Nítorí náà, kí ẹ tó túmọ̀ òwe mìíràn nínú kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí òwe náà ti jáde. Ọ̀pọ̀ wọn kò jìnnà sí wa. Ẹ gba Màpó sọ̀ kalẹ̀.