Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ilé-ìwé, ní ọ́fíìsì ìjọba, ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Sáfà RADIUS ló ń béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kí fóònù tó wọlé. Bó bá kú, íntánẹ́ẹ̀tì lè wà digbí, kò sẹ́ni tuntun tí yóò rí i lò. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé méjì kalẹ̀. Àmọ́ méjì orúkọ lásán ń bà mí nínú jẹ́.

1. Ẹ wo ohun tí méjèèjì jọ gbára lé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní SAT-3, ó ní ACE, Kútọnu ni méjèèjì gúnlẹ̀ sí. Lórí ìwé, bí ọ̀kan bá já, èkejì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà lábẹ́ omi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì já. Sáfà méjì tó wà nínú yàrá kan, tó so mọ́ switch kan, tó ń jẹ iná SBEE lójú kan, kò yàtọ̀ sí wọn. Ẹ gbé èkejì lọ sí ilé mìíràn, kí ẹ fún un ní UPS tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan sí Yúróòpù, kí èkejì wà níbí. Ẹni tó kó méjèèjì lọ sókè òkun, lọ́jọ́ tí wáyà bá já, kò ní lè wọ kọ̀ǹpútà tó wà lódìkejì ògiri rẹ̀.

2. Ẹ kọ́ sáfà yín láti dákẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Orí UDP ni RADIUS ń gbà, ní pọ́ọ̀tù 1812. Kò sí ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ Wi-Fi pé sáfà ti kú, àfi bí kò ṣe dáhùn. Yóò béèrè, yóò tún béèrè, lẹ́yìn náà ni yóò yà sọ́dọ̀ èkejì. Wàyí o, ká ní sáfà kìíní wà láàyè, ṣùgbọ́n dátábéèsì tí orúkọ àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀ ti kú. FreeRADIUS tí ẹ kò bá tọwọ́ bọ̀ yóò dáhùn pé, "Rárá." Ẹ̀rọ Wi-Fi gbọ́ èsì, ó gbà pé ara sáfà le, kò yà síbì kankan. Gbogbo ilé-ìwé á máa gba "Rárá", sáfà kejì á sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni do_not_respond wà fún: ó ń mú kí sáfà dákẹ́, kí ẹ̀rọ Wi-Fi lè yà sọ́dọ̀ èkejì.

3. Ẹ ṣírò ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ̀rọ Wi-Fi bá ń dúró fún 5, tó sì ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 15 ti lọ kó tó yà. Fóònù mìíràn á ti jáwọ́. Ẹ dín in kù.

4. Ohun tó wà lọ́wọ́ kìíní gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ èkejì: ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n yí padà láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àṣírí tí sáfà àti ẹ̀rọ Wi-Fi jọ mọ̀, ìwé-ẹ̀rí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ má gbàgbé pọ́ọ̀tù 1813, níbi tí àkọsílẹ̀ ìlò ń gbà. Ẹni tó ń ta Wi-Fi ní wákàtí-wákàtí mọ ohun tó ń bọ́ bó bá sọnù.

5. Bí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, ẹ tún èkejì ṣe. Ní oṣù keje ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tú àlébù kan síta, Blast-RADIUS: ẹni tó bá wà láàárín ọ̀nà lè sọ "Rárá" di "Bẹ́ẹ̀ ni". Kò mú àwọn tó ń lo EAP, àmọ́ àwọn tó ń lo PAP wà nínú ewu. Message-Authenticator ni oògùn rẹ̀. Bí sáfà kejì kò bá lò ó, olè lè dí ọ̀nà kìíní kí ìbéèrè lè yà síbẹ̀.

6. Ẹ fọwọ́ ara yín pa kìíní, lọ́sàn-án, lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá yín. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, kí ẹ dán Wi-Fi wò. Ẹ dá a padà, kí ẹ wá pa dátábéèsì nìkan, kí ẹ tún dán an wò. Fóònù tó ti wà lórí Wi-Fi tẹ́lẹ̀ lè tàn yín jẹ, torí kò tíì ní ìdí láti tún béèrè àyè. Ẹ pa Wi-Fi fóònù yín, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì ní kí ẹni tí kò wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà rí gbìyànjú pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí log sáfà kejì, kí ẹ wá orúkọ ẹni náà níbẹ̀.