Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣọ́



Ní ọlidé tó kọjá, ọmọ àǹtí mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, kọ lẹ́tà sí mi ní Sabon Gari níbí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń kàwé, òun náà ló fi kọ ọ́. Ara bàbá àgbà kò yá tẹ́lẹ̀, nítorí náà màmá mi jókòó tì mí.

Mo rí i pé: "Grand-père va pêcher tous les matins." Mo wá "pecher" lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi àmì sí i, mo mú èyí tó kọ́kọ́ jáde. Mo ní, "Mọ́mì, bàbá àgbà ń lọ dẹ́ṣẹ̀ láràárọ̀!" Ojú wọn le. Àṣé "pécher" ni dẹ́ṣẹ̀. "Pêcher" ni pẹja. Ara bàbá ti yá, wọ́n ti padà sódò!

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta rèé:

1. Ẹ tẹ lẹ́tà e mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí fóònù. É, è àti ê á jáde.

2. Ẹ má gbára lé Google Translate nìkan. Ẹ wo Larousse tàbí Wiktionnaire. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé "aller" ló bí "va".

3. Ẹ bi ara yín: ṣé ìtumọ̀ yìí bá ẹni tí wọ́n ń sọ mu?

Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa.