Bí A Ṣe Ń Di Ẹrù Oúnjẹ Láti Ọ̀tà Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá tó ń ti Ọ̀tà lọ kí ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ilé ni kí ẹ ti tú ẹrù náà yẹ̀wò, kó má baà jẹ́ pé iwájú aṣọ́bodè ni wọn yóò ti tú u.

Ẹ kó gbogbo oúnjẹ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ ẹran àti wàrà kúrò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba èyíkéyìí láti Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ẹnu ara yín: súyà, kílíṣí, ẹran ìgbẹ́, pọ̀nmọ́. Ẹ ṣí ike ọbẹ̀ tó wà nínú firísà wò. Bí ègé pọ̀nmọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ẹ̀gúsí yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata gbígbẹ ni kí ẹ dì dípò rẹ̀, kí ọmọ sè é lọ́hùn-ún.

Òfin yìí kì í ṣe ìkà. Lọ́dún 1997, àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní African swine fever wọ Ògùn àti Èkó láti ìhà Benin, ẹlẹ́dẹ̀ sì kú bẹẹrẹ. Àwa ará Ọ̀tà tí ọ̀nà Ìdírókò tó lọ sí Benin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá yẹ ká mọ̀ ọ́n lára. Fáírọ́ọ̀sì náà lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ẹran tó dì nínú firísà.

Ẹja kò le tó bẹ́ẹ̀: ogún kílò (20kg) ni ẹnì kan lè gbé. Bó bá jẹ́ tútù, ẹ gbọ́dọ̀ ti yọ ìfun rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ra ẹja kíká ní ọjà Sango, ẹ ya abẹ́ etí rẹ̀ wò. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Gààrí àti èlùbọ́ kò ní wàhálà. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ẹ kọ orúkọ wọn sí i lára.

Iṣu tútù àti ewébẹ̀ tútù ló ń gba ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò tàbí àrùn kò sí lára wọn. NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ irè oko wò, ló ń fún ni ní ìwé náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹrù wò, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, máńgòrò, ọ̀pẹ̀yìnbó àti àgbọn kò nílò rẹ̀.

 

Òfin a máa yí padà, torí náà ẹ wo ojú ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rìn. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ara yín sọ fún aṣọ́bodè kó tó bèèrè.